BÍ ÒGIRI KÒ BÁ LANU: Ọ̀rọ̀ lórí Àwọn Olóṣèlú tí Ń Wí pé Àwọn Nìkan ni Aráàlú

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé àpapọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti Mowe, Ìbafọ̀ àti Ìfọ̀)

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú òṣèlú àwọn òyìnbó ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí àwọn kan ti ń dìde tí wọ́n ń wí pé àwọn ni ẹnu aráàlú, tí wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ líle kó ìbò jọ. Ẹ ní kí n sọ èsì tí ó yẹ kí ọlọ́gbọ́n ènìyàn fọ̀ sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní pẹ́ ní òkè òkun kí n tó padà wálé, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó ti ṣe wá rí. Ó sì lè tún ṣe wá, àní ní Mowe níhìn-ín, ní Ìbafọ̀ àti ní Ìfọ̀.

Kíni ọ̀rọ̀ náà gan-an? Gbogbo olóṣèlú ni í máa wí pé òun fẹ́ràn aráàlú. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn tí mo ń bá wí yàtọ̀ nípa ohun mẹ́ta. Èkíní, wọn a máa pín ìlú sí méjì: apá kan ni àwọn ènìyàn rere tí ìyà ń jẹ, apá kejì ni àwọn ọ̀bàyéjẹ́ tí ń fi ìyà jẹ wọ́n, ìbáà ṣe ọlọ́rọ̀, ìbáà ṣe ọ̀mọ̀wé, ìbáà ṣe àlejò. Èkejì, olúwarẹ̀ a máa wí pé òun nìkan ṣoṣo ni ẹnu aráàlú, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá takò ó kì í tún ṣe aráàlú mọ́, ó di ọ̀tá ìlú. Ẹ̀kẹta, a máa mú ìṣòro tí ó ní gbòǹgbò mẹ́wàá, a gbé gbogbo rẹ̀ ka orí ẹnì kan, a sì wí pé bí a bá ti lè lé ẹni náà lọ, ìlú yóò tòrò ní ọjọ́ kejì. Níbi tí ẹ bá ti gbọ́ ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí pọ̀ láti ẹnu ẹnì kan, ẹ mọ̀ pé ohun tí à ń wí ni ó dé.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ láyé. Ẹ̀yin tí ń ka Bíbélì rántí Ábúsálómù, ọmọ Dáfídì Ọba. Òun a máa jí ní kùtùkùtù, a lọ dúró lẹ́bàá ẹnu ibodè, a fa àwọn tí ó gbé ẹjọ́ wá sọ́dọ̀ ọba mọ́ra, a fi ẹnu kò wọ́n lẹ́nu, a sì sọ fún wọn pé ẹjọ́ wọn dára, ṣùgbọ́n ọba kò yan ẹnikẹ́ni láti gbọ́ ọ; ìbá ṣe pé òun ni onídàájọ́ ìlú, olúkúlùkù ni ìbá rí ẹ̀tọ́ gbà! Báyìí ni ó ṣe jí ọkàn àwọn ènìyàn lọ kúrò lọ́dọ̀ baba rẹ̀. A máa ń bá Ábúsálómù wí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: kíni ó dé tí àwọn ènìyàn fi ń dúró ní ibodè láti òwúrọ̀ láìrí ẹni tí yóò gbọ́ tẹnu wọn? Àwọn àgbà wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ dídùn Ábúsálómù ni aláǹgbá. Ẹjọ́ tí a kò gbọ́ ni ògiri tí ó lanu. Inú òwe yìí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí wà. Ẹni tí ó bá ń lé aláǹgbá tí kò dí ògiri, yóò lé e títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 2002, Jean-Marie Le Pen, ẹni tí ó ti pẹ́ tí ó ń sọ̀rọ̀ lòdì sí àwọn àlejò ilẹ̀ náà, wọ ìpele kejì nínú ìbò ààrẹ. Jìnnìjìnnì bo ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn tí kò fẹ́ràn Jacques Chirac rárá jáde láti dìbò fún un kí Le Pen má baà wọlé. Chirac sì ní 82 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, Le Pen ní 18. Ó dàbí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n ní 2017 Marine Le Pen, ọmọbìnrin rẹ̀, tún wọ ìpele kejì, ó sì ní nǹkan bí 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2022 ó padà wá, ó sì ní ohun tí ó lé ní 41. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lé aláǹgbá náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó sì sá padà sínú ògiri, ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí ó bá tún yọjú, ó ti sanra ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní àríwá ilẹ̀ náà, níbi tí ibi ìwakùsà èédú àti àwọn ilé-iṣẹ́ ti kógbá sílé, ni ó gbé rí ọ̀pọ̀ nínú ìbò rẹ̀. Ìbẹ̀rù àwọn aláfẹnujẹ́ ni ó mú kí wọ́n pa ẹnu pọ̀ ní ọjọ́ ìbò; ṣùgbọ́n nígbà tí ìbò ti kọjá, kò sí ẹni tí ó mú iṣẹ́ padà dé àwọn ìlú náà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀wẹ̀, ní ọjọ́ 23 oṣù Òkúdù 2016, wọ́n dìbò láti mọ̀ bóyá wọn yóò kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Àwọn tí ó fẹ́ kí á kúrò kọ ọ́ gàdàgbà sí ara ọkọ̀ bọ́ọ̀sì pupa kan pé 350 mílíọ̀nù pọ́ùn ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí á kúkú máa ná an sórí ìtọ́jú aláìsàn. Owó náà kò rí bẹ́ẹ̀. A ti máa ń yọ ẹ̀dínwó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ kí owó tó kúrò nílé, òmíràn a sì tún padà wá fún àwọn àgbẹ̀ àti àwọn agbègbè tí kò rí já jẹ. Ó dàbí ẹni tí ó ra aṣọ lọ́jà, tí ó ń ròyìn iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè é fún un, tí kò sọ iye tí wọ́n dín. Ní 2017 olórí àjọ tí ń bójú tó ìṣirò ìjọba ní ilẹ̀ náà kọ̀wé ní gbangba pé kò tọ́ bí wọ́n ṣe ń lo iye náà. Ṣùgbọ́n ìbò ti kọjá. Nǹkan bí 52 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní kí á kúrò. Òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń ra èké. Kíni ó mú kí èké náà tà? Ìdí rẹ̀ ni pé ní tòótọ́ ni àwọn aláìsàn ń dúró pẹ́ kí wọ́n tó rí oníṣègùn. Irọ́ náà kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ẹ̀yìn òtítọ́ ni ó gùn wọ ìlú.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má ṣe wí pé ti òyìnbó ni èyí. Ní Ìbàdàn, láàárín 1950 àti 1958, kò sí ohùn tí ó ròkè tó ti Adégòkè Adélabù. A bí i ní 1915. Ó kàwé ní Government College ti Ìbàdàn, ó sì kọ ìwé kan jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1952. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kojú sí èrò, èdè ọjà àti èdè agbo ilé ni ó ń sọ. Àpólà ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni àwọn ènìyàn sọ di Pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì, tí wọ́n sì fi ń pè é títí di òní. Ẹgbẹ́ rẹ̀, Mábọlájẹ́, bá ẹgbẹ́ NCNC alákùkọ ṣe àjùmọ̀ṣe. Ní 1954 wọ́n gba ìgbìmọ̀ ìlú Ìbàdàn, ní 1955 ó di mínísítà nínú ìjọba àpapọ̀, ní 1956 ó fi ipò náà sílẹ̀ nígbà tí ìwádìí wáyé lórí ìgbìmọ̀ ìlú náà. Ní ọjọ́ 25 oṣù Ẹrẹ́nà 1958 ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ẹni ọdún 42 ni. Ìlú Ìbàdàn dàrú ní ọjọ́ náà: wọ́n kọlu àwọn tí wọ́n kà sí ọ̀tá rẹ̀, ẹ̀mí sì ṣòfò.

N kò wá síhìn-ín láti bú òkú. Adélabù rí ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ìgbà rẹ̀ kò rí. Ó rí i pé àwọn àgbẹ̀ ń sunkún nítorí igi kòkó wọn tí ìjọba ń gé lulẹ̀ nítorí àrùn; ó rí i pé owó-orí ń wúwo lọ́rùn tálákà; ó rí i pé inú àwọn ará Ìbàdàn bàjẹ́ nígbà tí a yọ Ọ̀ṣun kúrò lábẹ́ wọn. Ó lọ jókòó ti àwọn tí ẹnikẹ́ni kò jókòó tì. Àwọn àgbà wí pé àìfinipeni, àìfènìyànpènìyàn ni ó mú kí ará oko sán bàǹtẹ́ wọ ìlú. Adélabù fi ènìyàn pe ènìyàn, wọ́n sì tẹ̀ lé e. Ibi tí ọ̀ràn ti wọ́ ni pé ọ̀rọ̀ lòdì sí àwọn Ìjẹ̀bú tí ń gbé Ìbàdàn wọ inú ìpolongo ìgbà náà. Ìyà tí ó jẹ́ òtítọ́ di ẹrù tí a dì ru aládùúgbò. Ẹni tí kò gé igi kòkó ẹnikẹ́ni di ẹni tí a ń fojú ọ̀tá wò.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo èsì tí ẹgbẹ́ kejì fọ̀. Ní oṣù Agẹmọ 1952, S. O. Awókọ̀yà, tí í ṣe olùkọ́ kí ó tó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún ẹni tí yóò san owó olùkọ́. Nítorí náà ìjọba ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fi kún owó-orí. Àwọn alátakò mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí gbogbo ìlú àti abúlé pé ìjọba àwọn ọ̀mọ̀wé ń pa tálákà. Nígbà tí ìbò ìjọba àpapọ̀ dé ní 1954, NCNC ní àga 23 nínú 42 tí ó jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní 18. Ẹ ronú sí i: ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìjọba ni a nà ní ilé ara rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà níwájú wọn nígbà náà. Wọ́n lè bú àwọn adìbò ní òpè, kí wọ́n sì bínú sí wọn. Wọ́n lè ju iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ irú orin tí àwọn alátakò ń kọ. Tàbí kí wọ́n ṣe ohun tí wọ́n ti sọ pé àwọn yóò ṣe, kí ojú kí ó rí i. Èyí ẹ̀kẹta ni wọ́n yàn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1955, ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ ṣí. Ní 1954, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn jẹ́ nǹkan bí 457,000. Ní 1955 wọ́n di nǹkan bí 811,000. Àwa tí ń kọ́ àwọn olùkọ́ mọ̀ pé iṣẹ́ náà kò lọ láìní àbàwọ́n: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó dúró níwájú ọmọ ní ọdún náà kò tí ì gba ẹ̀kọ́ tó. Ṣùgbọ́n nísisìyí, baba tí a sọ fún pé wọ́n ń jẹ owó-orí rẹ̀ ní ìjẹkújẹ lè wo ọmọ rẹ̀ tí ó gbé síléètì lọ́wọ́, kí ó sì dá ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Èbìbí 1956, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní àga 48 nínú 80 ní ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, NCNC ní 32. Kò sí bí ẹnu ti lè mú tó tí yóò fi pa ọmọ tí ń kàwé nínú ilé rẹ́ mọ́ òbí rẹ̀ lójú.

Òtítọ́ kan wà tí kò yẹ kí a fi pamọ́. Nínú ìlú Ìbàdàn fúnra rẹ̀, àwọn ènìyàn Adélabù ni ó tún borí ní 1956. Ilé-ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ ni wọ́n ń bínú sí níbẹ̀. Ọ̀ràn ilẹ̀ àti ọ̀ràn iyì ìlú wọn ni, a kò sì tí ì wo ọgbẹ́ náà. Kò sí oògùn kan ṣoṣo tí í wo gbogbo àrùn. Ẹni tí yóò dí ògiri gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí ó gbé là.

Ẹnì kan lè bi mí pé: ṣé gbogbo ẹni tí ó bá pariwo níwájú ààfin ni ẹlẹ́tàn? Rárá o. Ẹ wo àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta ní 1947 àti 1948. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin dìde sí owó-orí tí a ń gbà lọ́wọ́ obìnrin. Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1949, kí wọ́n tó padà ní 1950. Ariwo náà pọ̀, orin èébú sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń bèèrè ní ìwọ̀n: kí owó-orí obìnrin dópin, kí obìnrin sì jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń bu owó-orí. Nígbà tí a gbà fún wọn, wọ́n lè padà sídìí ọjà wọn. Ìyàtọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nìyí. Ẹni tí ó bá ń bèèrè ohun tí a lè fún un, aráàlú ni, ẹ gbọ́ tirẹ̀, bí ohùn rẹ̀ tilẹ̀ korò. Ẹni tí ó bá ń bèèrè kí a kórìíra ẹnì kan, kò sí ohun tí a lè fún un tí yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn, nítorí pé ìkórìíra náà ni ọjà tí ó ń tà.

Ó burú bí alátakò bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tún burú jù bí ẹni tí ó wà lórí oyè bá gba ohùn náà sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Bélú 1969, ìjọba Busia ní ilẹ̀ Gáná pàṣẹ pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ kó ẹrù rẹ̀ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ẹjìgbò àti Ìlọrin pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń ṣòwò, wọ́n ti kọ́lé, ẹlòmíràn ni a bí síbẹ̀ tí kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà ilé baba rẹ̀. A sọ pé àwọn ni ó gba òwò mọ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Ǹjẹ́ ilẹ̀ Gáná là nípa bẹ́ẹ̀? Gbèsè ìjọba kò sí lára ẹrù tí àwọn àlejò kó lọ. Ní ọjọ́ 13 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1972 àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Busia.

Ó lé díẹ̀ ní ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn àṣẹ Busia, ó kan àwa náà. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, iṣẹ́ wọ́n, ọdún ìbò sì ni. Ní ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1983, ìjọba Ṣàgàrí pàṣẹ pé àlejò tí kò ní ìwé gbọ́dọ̀ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tí ó kó ẹrù, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Gáná. Títí di òní, orúkọ wọn ni àpò onílà tí ń bẹ nínú ilé gbogbo wa ń jẹ́, Ghana Must Go. Ìlú kan tí ó ti mọ bí ó ti ń dun ni tí a bá lé ni dìde láti lé ẹlòmíràn! Ǹjẹ́ owó epo gòkè nítorí rẹ̀? Kò gòkè. Kí ọdún náà tó parí, ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Ṣàgàrí pẹ̀lú. A lé ẹni tí a di ẹ̀bi rù. Ìyà jókòó sílé.

Nísisìyí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbé kàn wá. Ẹgbẹ́ wa yìí jẹ́ ẹgbẹ́ ìfẹ́ èdè àti àṣà Yorùbá. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó yá olóṣèlú bẹ́ẹ̀ lára láti yá lò bí ìfẹ́ tí a ní sí ohun tiwa. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2023, nígbà ìbò gómìnà ní Èkó, a gbọ́ ọ̀rọ̀ líle sí àwọn Ìgbò tí ń gbé ibẹ̀, a sì dẹ́rù ba àwọn kan ní ibùdó ìbò nítorí ẹ̀yà wọn. Orúkọ Yorùbá ni a fi ṣe é. Ẹni tí ó bá wí pé kò kan òun, kí ó wo bí Èkó ti súnmọ́ wa tó.

Ìlú wa jẹ́ ìlú onílé àti àlejò. Láti ìgbà tí rélùwéè ti gba Ìfọ̀ kọjá, kí ó tó dé Ìbàdàn ní 1901, ni àjèjì ti ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Mowe àti Ìbafọ̀ jẹ́ abúlé àgbẹ̀ títí tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn fi ṣí ní 1978. Lónìí, àwọn tí owó ilé Èkó lé jáde ti kọ́lé kún oko. Ohùn méjì ni ó lè dìde níhìn-ín. Ọ̀kan yóò wí fún ọmọ onílẹ̀ pé, “Àlejò ti gba ilẹ̀ baba yín, ó fẹ́ gba oyè kún un.” Èkejì yóò wí fún àlejò pé, “Olè ni gbogbo ọmọ onílẹ̀.” Èké ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni ògiri gbé là fún méjèèjì. Òótọ́ ni pé a ta oko tán, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ onílẹ̀ kò ní oko, kò ní iṣẹ́, kò sì rí nínú owó tí a ta á. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé ẹni tí ó ra ilẹ̀ a máa san owó ìpìlẹ̀, a san owó òrùlé, a tún san owó tí kò ní orúkọ. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe òfin ní 2016 lòdì sí fífi ipá gba ilẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kì í gbọ́ ẹjọ́, ènìyàn ni í gbọ́ ọ.

Nítorí náà mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a ṣe ohun márùn-ún.

Èkíní: ẹ̀yin Ọba àti ìjòyè, ẹ má ṣe fi ibodè sílẹ̀ fún Ábúsálómù. Ẹ yan ọjọ́ tí gbogbo ìlú mọ̀, tí onílé àti àlejò yóò lè gbé ẹjọ́ wá, tí a ó sì dá a láìgba ọwọ́ ẹ̀yìn.

Èkejì: owókówó tí a bá ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ń kọ́lé, kí á kọ ọ́ sílẹ̀, kí á sì ka iye rẹ̀ àti ohun tí a fi ṣe ní gbangba ní ìpàdé àdúgbò. Iye tí a ti kà lójú gbogbo ènìyàn ṣòro láti purọ́ lé lórí.

Ẹ̀kẹta: ẹ má ṣe bú àwọn tí ó tẹ̀ lé olóṣèlú bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá pè wọ́n ní òpè, ẹ ti jẹ́rìí fún un pé òótọ́ ni ó sọ nípa yín.

Ẹ̀kẹrin: ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ láti bi olóṣèlú ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni ó ka iye tí o dá yìí? Bí a bá lé ẹni tí o ń wí, báwo ni ọ̀nà wa yóò ṣe dára nítorí rẹ̀? Ní ọjọ́ tí a bá lé e tán, ta ni ìwọ yóò tún di ẹ̀bi rù? Ọmọ tí ó bá mọ ìbéèrè mẹ́ta yìí kò lè di ẹran ọdẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀karùn-ún, òun ni ó sì ṣòro jù. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń mọ ògiri, kíákíá sì ni aláǹgbá ń sáré. Nítorí náà, kí ògiri tó gbẹ, a gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ bo ojú ihò. Nígbà tí Enoch Powell sọ̀rọ̀ líle lòdì sí àwọn àlejò aláwọ̀ dúdú ní Birmingham ní ọjọ́ 20 oṣù Igbe 1968, ẹni tí ó kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò ní ipò ni Edward Heath, olórí ẹgbẹ́ òun fúnra rẹ̀, ní ọjọ́ kejì gan-an. Àwọn òṣìṣẹ́ kan wọ́de láti gbe Powell lẹ́yìn, nítorí pé ìyà wọn ṣì wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ pé kì í ṣe orúkọ àwọn ni yóò fi sọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀kọ́ wa nìyí. Bí ọmọ Ìgbò bá bá ọmọ Yorùbá wí, wọn yóò pe é ní ìjà ẹ̀yà. Bí ó bá jẹ́ Ẹgbẹ́ wa, tí kò sí ẹni tí ó lè sọ pé a kò fẹ́ràn Yorùbá, ni ó bá a wí, tí a sì bá a wí ní ọjọ́ náà gan-an kì í ṣe lẹ́yìn ìbò, ọ̀rọ̀ yóò rí ibi jókòó. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, “Bí òtítọ́ kò bá tà, èéṣe tí àwa náà kò fi lo ọ̀bẹ tí wọ́n ń lò?” Èsì mi ni pé a ti rí ẹni tí ó lò ó. Busia lò ó, Ṣàgàrí lò ó, kò gba ẹnì kankan nínú wọn. Àwọn tí a nà ní 1954 kò lò ó. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ sì wọlé.

Mo fẹ́ kí ẹ̀ka Mowe, ẹ̀ka Ìbafọ̀ àti ẹ̀ka Ìfọ̀ jókòó kí oṣù yìí tó parí, kí olúkúlùkù kọ ẹjọ́ mẹ́ta tí ó pọ̀ jù lẹ́nu àwọn ará àdúgbò rẹ̀ sílẹ̀, ti onílé àti ti àlejò pọ̀, kí á sì gbé ìwé náà tọ àwọn Ọba wa lọ kí ìbò tó dé. Bí olóṣèlú bá wá bá wa lẹ́yìn náà pé òun ni ẹnu wa, a ó lè fi ìwé náà hàn án, kí á sì bi í pé èwo nínú rẹ̀ ni yóò ṣe.

Kí Ọlọ́run kí ó dá ìlú wa sí.